Ìró tó ń ṣípò: bí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹ̀rọ tí kò ṣàìsàn

Ẹgbẹ́ ẹnjiníà kan ló ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tẹ́tí sí àwọn ẹ̀rọ ìfami, kí wọ́n lè mọ èyí tí bearing rẹ̀, ìyẹn òrùka oníbọ́ọ̀lù tó ń gbé ọ̀pá ẹ̀rọ dání bó ṣe ń yí, ti ń jẹ kí ẹ̀rọ ọ̀hún tó dẹnu kọlẹ̀. Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ kò ṣòro: bearing tó ti lábùkù kì í dákẹ́. Irin á máa kan irin ní gbogbo ìgbà tí ọ̀pá ẹ̀rọ bá yí, ìró rẹ̀ á sì yàtọ̀ sí ti èyí tó pé. Wọ́n gbé máìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba ìró rẹ̀ sílẹ̀ sínú fáìlì WAV oníbíìtì 16, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú kọ̀ǹpútà kí Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, pẹ̀lú NumPy àti SciPy, àwọn irinṣẹ́ ìṣirò inú rẹ̀, bá wọn ṣírò rẹ̀.

Ohun méjì ni wọ́n ń wá lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni bí ìró rẹ̀ ṣe lágbára tó. RMS ni wọ́n fi wọn ìyẹn: wọ́n á fi sample kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wọ̀n, lọ́po ara rẹ̀, wọ́n á wá ìpíndọ́gba gbogbo wọn, wọ́n á sì wá square root rẹ̀. Èkejì ni spectrum, ìyẹn àwòrán tó ń fi hàn bí agbára ìró náà ṣe pín, láti orí ohùn tó ń kù nísàlẹ̀ títí dé èyí tó ń súfèé lókè.

Ilé méjì ni àwọn ẹ̀rọ náà wà, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì ni wọ́n sì lò, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ti ilé àkọ́kọ́ ń wọn ìró nígbà 44100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti ilé kejì ń wọ̀n ọ́n nígbà 48000. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí nǹkan. 44100 ni wọ́n ń lò fún CD, 48000 sì wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ fídíò, etí ènìyàn kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn mọ ohunkóhun. Kóòdù wọn náà ní ìtàn. MATLAB, èdè ìṣirò mìíràn, ni ẹnì kan kọ́kọ́ fi kọ ọ́, ó sì ti ṣiṣẹ́ dáadáa fún wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíì gbé e wá sínú Python, ní ìlà dé ìlà. Ẹ di ọ̀rọ̀ ilé méjì àti ọ̀rọ̀ ìlà dé ìlà yìí mú, nítorí àárín wọn ni wàhálà ti jẹ yọ.

Ìpíndọ́gba tó bọ́ sábẹ́ òdo

Àmì àkọ́kọ́ hàn nígbà tí RMS àwọn fáìlì kan jáde bíi nan, ìyẹn pé kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Ìkìlọ̀ kan tẹ̀ lé e pé sqrt, ìyẹn àṣẹ tó ń wá square root, gba ohun tí kò lè ṣírò. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n ka àwọn fáìlì náà sí èyí tó ti bàjẹ́, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò nínú àkójọ. Mo rò pé ewu ńlá wà níbẹ̀, torí pé àwọn fáìlì tí wọ́n yọ dànù wà lára èyí tí ìró rẹ̀ lágbára, ìyẹn àwọn tí wọ́n tìtorí wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an.

Ohun tó dá wọn padà ni pé ọ̀kan nínú wọn ṣí fáìlì kan tí wọ́n ti yọ, ó tẹ́tí sí i, ó sì gbọ́ ìró ẹ̀rọ kedere láìsí àléébù kankan. Fáìlì tó ń dún dáadáa, kí ló dé tí kò ṣeé ṣírò? Wọ́n tẹ ìpíndọ́gba jáde kí ó tó dé ọ̀dọ̀ sqrt, wọ́n sì rí i pé ó wà lábẹ́ òdo. Nọ́ńbà èyíkéyìí tí a bá fi lọ́po ara rẹ̀ kò lè bọ́ sábẹ́ òdo, ì báà jẹ́ pé abẹ́ òdo ló ti wá. Tí ìpíndọ́gba irú àwọn nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá wá wà lábẹ́ òdo, ìṣirò fúnra rẹ̀ ló ti yà kúrò lójú ọ̀nà.

Àlàyé rẹ̀ rèé. Bí a bá fi scipy.io.wavfile.read ka fáìlì oníbíìtì 16, ohun tó wà nínú fáìlì gẹ́lẹ́ ló máa kó fún wa: odidi nọ́ńbà láti -32768 dé 32767, nínú array int16, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àyè bíìtì 16 péré. Bí a bá fi irú array bẹ́ẹ̀ lọ́po ara rẹ̀, èsì náà á wà nínú int16, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè fún ohun tó bá ju 32767 lọ. 181 lọ́nà 181 jẹ́ 32761, ìyẹn ṣì wọlé. 182 lọ́nà 182 jẹ́ 33124, ìyẹn ti kọjá ààlà, NumPy á sì yí i po: á yọ 65536 kúrò, á dá -32412 padà. 256 lọ́nà 256 á di òdo. Nínú array, kò ní sí ìkìlọ̀ kankan nígbà tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀. Ìkìlọ̀ tí wọ́n rí wá láti ọ̀dọ̀ sqrt, lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán.

Ẹ wo bí ààlà yẹn ṣe kéré tó. Nínú 32767 tó jẹ́ òkè pátápátá, 181 kò tó ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìró tó bá jẹ́jẹ́ gan-an nìkan ni yóò kọjá láìfarapa.

Ní ti MATLAB, audioread, àṣẹ tó ń ka fáìlì ìró níbẹ̀, máa ń sọ ìró di nọ́ńbà double, ìyẹn nọ́ńbà onídẹ́símà, láàárín -1 àti 1, àfi tí a bá bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú 'native' pé kó fún wa ní bó ṣe wà. Kódà tí a bá ní int16 lọ́wọ́ nínú MATLAB, nọ́ńbà tó bá fẹ́ kọjá ààlà á dúró sí 32767, kò ní yí po. Nítorí náà, ẹni tó kọ kóòdù àkọ́kọ́ kò ṣẹ̀, ẹni tó gbé e wá sí Python náà sì gbé gbogbo ìlà rẹ̀ wá ní pípé. Ohun tí kò bá ìlà kankan wá ni ìṣe tí audioread ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀.

Nan kọ́ ló burú jù níbẹ̀, torí nan ṣì ń pariwo. Àwọn fáìlì mìíràn mú nọ́ńbà tó dà bí òótọ́ jáde. Bí ìró bá lágbára, àwọn sample tó yí po á máa já sókè òdo àti sísàlẹ̀ òdo, wọ́n á máa pa ara wọn rẹ́, ìpíndọ́gba á sì kéré gan-an. Báyìí ni ẹ̀rọ kan ní ilé àkọ́kọ́, tí ìró rẹ̀ ga ju ti gbogbo yòókù lọ, ṣe di èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú tábìlì wọn, tí wọ́n sì sàmì sí i pé ó dára jù. Ìgbà tí wọ́n fi x.astype(np.float64) / 32768 sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sọ ìró di float64, ìyẹn nọ́ńbà onídẹ́símà ti NumPy, kí ìṣirò kankan tó kàn án, tábìlì náà dorí kodò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti gbóríyìn fún bọ́ sókè.

Wọn kò tètè lé ẹ̀rọ yẹn. Agbára ìró nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí omi tó ń ru nínú páìpù náà lè pariwo, wọ́n sì ti rí ohun mìíràn nínú spectrum tó gba gbogbo ọkàn wọn.

1000 Hz tó di 919

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti sampling rate, ìyẹn iye ìgbà tí a ń wọn ìró ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń fi calibrator sẹ́nu máìkì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ohùn kan ṣoṣo jáde ní 1000 Hz, ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 1000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, pẹ̀lú agbára 94 dB (dB la fi ń wọn bí ìró ṣe pariwo tó). Nínú fáìlì ilé àkọ́kọ́, ohùn náà hàn sórí 1000 gẹ́lẹ́. Nínú ti ilé kejì, nǹkan bí 919 ló hàn sí. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì calibrator, 919 náà ni. Wọ́n gbé e lọ sí máìkì ilé àkọ́kọ́, ó padà sí 1000.

Ẹni tó bá fi 44100 pín 48000 yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. 1000 lọ́nà 44100, kí a wá fi 48000 pín in, jẹ́ 918.75. Ìlà kan wà lókè kóòdù wọn tó sọ pé Fs = 44100, ìlà tó sì ń ka fáìlì gba iye tí wavfile.read mú wá, ó sì jù ú nù sínú _ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀, gbogbo fáìlì WAV ló gbé sampling rate rẹ̀ dání. SciPy kà á, ó sì fi lé wọn lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tó lé ní ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún yìí kì í ṣe kékeré nínú iṣẹ́ bearing, torí pé iyára ọ̀pá ẹ̀rọ àti ìwọ̀n àwọn bọ́ọ̀lù inú bearing la fi ń ṣírò ibi tí àmì àbùkù yẹ kó hàn sí. Ẹni tó bá wo ibi tí kì í ṣe ibẹ̀ á sọ pé òun kò rí nǹkan kan.

Calibrator ló gbà wọ́n. Ká ní kò sí ohùn kan tí wọ́n ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú àwọn fáìlì náà, kò sí ohun tí ìbá ta wọ́n lólobó.

Ohùn 6000 Hz

Nígbà tí wọ́n ti mọ̀ pé sampling rate méjì ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n pinnu láti mú gbogbo fáìlì wá sí 16000, kí wọ́n lè fi wọ́n wé ara wọn, kí iṣẹ́ sì tún yá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é fún ilé kìíní yàtọ̀ sí ti ilé kejì. 48000 jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 16000, nítorí náà wọ́n kàn mú sample kan nínú mẹ́ta-mẹ́ta: x[::3]. 44100 kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀, wọ́n bá wá iṣẹ́ (function) tó lè ṣe é lọ sínú SciPy, wọ́n sì lo resample_poly(x, 160, 441). Méjèèjì parí sí 16000, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ohùn kan yọ nínú spectrum àwọn ẹ̀rọ ilé kejì, ó dúró gangan sí 6000 Hz, ó ga, ó tín-ín-rín. Kò sí lára ẹ̀rọ kankan nílé àkọ́kọ́. Ohùn tó dúró ṣinṣin báyìí, lára ọ̀wọ́ àwọn ẹ̀rọ kan náà, tí kò sí lára èyí tó kù, á jọ àmì àìsàn lójú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ ìwé pé kí àwọn mẹkáníìkì dá àwọn ẹ̀rọ ilé kejì dúró kí wọ́n tú wọn. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, omi ò ní lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, ẹ̀rọ tó sì pé tí a bá tú lè gba ìdọ̀tí tàbí ìpalára lọ́wọ́ àtitú ọ̀hún.

Àgbà mẹkáníìkì kan ló dá ìwé náà dúró. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ìró tí ẹ ń wí yìí ná. Mo ti ń dúró ti àwọn ẹ̀rọ yẹn tipẹ́, mi ò tíì gbọ́ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀.” Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn gan-an, torí pé etí ló fi bá àwòrán jiyàn.

Fáìlì tí wọ́n kọ́kọ́ fún un dákẹ́ rọrọ. Wọ́n ti sọ ìró di nọ́ńbà láàárín -1 àti 1, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ kọ ọ́ padà sínú WAV, wọ́n fi astype(np.int16) sí i ní tààrà. Gbogbo 0.3, 0.07, -0.9 ló di òdo. Ó yẹ kí wọ́n fi 32767 sọ ọ́ di púpọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di odidi. Wọ́n tún un ṣe, bàbá náà gbọ́ ọ, ó ní ìsúfèé wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n wá fi fáìlì àtilẹ̀wá sí i, èyí tí wọn kò dín sample rẹ̀ kù. Ìsúfèé wà nínú ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ó ní ti àtilẹ̀wá tín-ín-rín ju ti èyí tí wọ́n dín kù lọ dáadáa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

Ìyẹn ni ìkòríta. Dídín sample kù kò gbọdọ̀ yí ipò ohùn padà. Ohùn tó wà ní 6000 yẹ kó wà ní 6000 ṣáájú àti lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà náà ronú ìdánwò kan tó rọrùn tó sì mú ṣinṣin: dípò x[::3], ó lo x[::4] lórí fáìlì kan náà, kí sampling rate lè di 12000. Ohùn náà kúrò ní 6000, ó lọ dúró sí 2000 Hz. Ẹ̀rọ kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, ìró kan náà, ó wá ń ṣípò nítorí bí a ṣe ń kà á. Kò sí bearing tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ya spectrum fáìlì 48000 láìdín in kù. Kò sí nǹkan kan ní 6000. Ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ ohùn kan ní 10000 Hz.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Sampling rate èyíkéyìí kò lè gbé ohùn tó ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹnjiníà kan, Harry Nyquist, ti ń rìn yí ọ̀rọ̀ náà ká láti 1928, onímọ̀ ìṣirò Claude Shannon sì tẹ ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní 1949. Tí 16000 bá jẹ́ sampling rate, 8000 Hz ni òpin. Ohùn 10000 kò ní parẹ́ nítorí pé ó kọjá òpin náà. Àwọn sample tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ máa bá ti ohùn 6000 mu délẹ̀délẹ̀, torí 16000 dín 10000 jẹ́ 6000. Pẹ̀lú 12000, 12000 dín 10000 jẹ́ 2000. Lẹ́yìn tí a bá ti dín in kù tán, kò sí ìṣirò tó lè fi òótọ́ 6000 àti ayédèrú 6000 mọ̀ yàtọ̀ síra. Kí a tó dín in ni a gbọ́dọ̀ ti fi asẹ́ dá gbogbo ohun tó ju 8000 lọ dúró.

Asẹ́ yìí ni resample_poly ń fi sí i fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé àkọ́kọ́ fi mọ́. x[::3] kò ní asẹ́ kankan. Kì í ṣe Python nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: nínú MATLAB, downsample kàn ń mú sample kan sílẹ̀ nínú iye tí a bá sọ ni, nígbà tí decimate àti resample ń kọ́kọ́ sẹ́ ẹ. Àwọn orúkọ náà jọra tó láti ṣi ènìyàn lọ́nà. Nígbà tí wọ́n lo resample_poly(x, 1, 3) fún ilé kejì, ohùn 6000 kò sí mọ́.

Níbo wá ni 10000 ti wá? Àwọn ẹ̀rọ ilé kejì ní àpótí tó ń darí iyára, irú èyí tó ń ṣí iná tó sì ń pa á lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó lè ṣe ìwọ̀n iná tó ń lọ sínú ẹ̀rọ. Ìgbà 10000 ni wọ́n ṣètò tiwọn sí, wáyà inú ẹ̀rọ sì máa ń gbọ̀n tẹ̀ lé e. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa dún nìyẹn. Ilé àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ ní irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé nǹkan mẹ́ta ló pín sí ilé méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà dín sample kù, àti àpótí iná. Ẹnikẹ́ni tó bá wo àbájáde nìkan á rò pé àìsàn ẹ̀rọ ló pín wọn.

Ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn ní tòótọ́

Nígbà tí ohùn 6000 lọ tán ni wọ́n rántí ẹ̀rọ ilé àkọ́kọ́ tó ti ìsàlẹ̀ tábìlì bọ́ sókè. Wọ́n padà sórí fáìlì rẹ̀ tí wọn kò tíì dín kù, wọ́n fi asẹ́ mú ìpín kan lókè níbi tí kíkan irin ti máa ń dún jáde, wọ́n fi scipy.signal.hilbert wá ìrísí bí agbára rẹ̀ ṣe ń ga tó sì ń rẹlẹ̀, wọ́n wá ya spectrum ìrísí ọ̀hún. Kíkàn náà hàn, ó ń padà wá déédéé, ní ibi tí ìṣirò sọ pé àbùkù òrùka ìta bearing yẹ kó wà. Ẹ̀rọ yẹn nìkan ni wọ́n tú. Kòtò wà lára òrùka ìta rẹ̀, ó hàn sójú.

Fún àwa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo ní ìmọ̀ràn díẹ̀, èyí tí mo kà sí dandan. Ìró àti sampling rate rẹ̀ kò gbọdọ̀ pínyà nínú kóòdù. Kí iṣẹ́ tó ń ka fáìlì dá méjèèjì padà pọ̀, kí iṣẹ́ tó ń dín sample kù sì dá sampling rate tuntun padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ 44100 sórí kóòdù lọ́wọ́. Ó tilẹ̀ sàn kí a gbàgbé láti sọ fs, ìyẹn sampling rate, fún scipy.signal.welch tó ń ya spectrum, torí 1.0 ló máa lò, igun àwòrán á parí sí 0.5, a ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé a kò tíì sọ fún un. Kí a sọ ìró di float lẹ́nu ọ̀nà, kí a sì wo dtype (irú nọ́ńbà tó wà nínú array) àti nọ́ńbà tó ga jù lọ nínú rẹ̀ kí a tó ṣe ohunkóhun. Tí fáìlì kan bá mú nan wá, kí a gbọ́ ọ kí a tó yọ ọ́. Ẹni tó bá sì ń gbé kóòdù láti inú MATLAB wá sínú Python, kí ó kọ́kọ́ ka fáìlì kan ṣoṣo nínú méjèèjì, kí ó fi sample mẹ́wàá àkọ́kọ́ wé ara wọn.

Ìdánwò kan tún wà tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe báyìí kí fáìlì tuntun kankan tó wọlé. Wọ́n á fi np.sin ṣe ìró méjì sínú fáìlì WAV 48000, ọ̀kan ní 1000 Hz, ọ̀kan ní 10000, wọ́n á sì jẹ́ kó gba inú gbogbo kóòdù kọjá gẹ́gẹ́ bí fáìlì ẹ̀rọ. 1000 gbọ́dọ̀ jáde sórí 1000, pẹ̀lú RMS tí wọ́n ti fi ọwọ́ ṣírò ṣáájú. 10000 gbọ́dọ̀ ti lọ, kí ó má sì sí ohunkóhun ní 6000. Wọ́n á tún ṣe irú rẹ̀ fún 44100. Bí ọ̀kan bá kùnà, iṣẹ́ dúró níbẹ̀.